Ọ́pà Kì Í Ṣe Ọ̀pá

Ohun tí ọmọbìnrin máa ń gbé dání lọ sílé àna rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ pọ̀. Àwọn kan a gbé ọsàn, àwọn kan a gbé búrẹ́dì àti mílíìkì alágolo, àwọn tí ìyá wọn kọ́ dáadáa a gbé adìyẹ tó ń ké lọ́wọ́. Fíláàṣì kékeré tí fíìmù Kòríà wà nínú rẹ̀ ni Kafilat gbé ní tirẹ̀. Ó fi aṣọ ìnujú wé e, ó tì í bọ inú pọ́ọ̀sì, ó gun ọ̀kadà ní Odò-Ọ̀rì, ó sì ń bẹ Ọlọ́hun lójú ọ̀nà pé kí fíláàṣì náà má ṣe dójú ti òun lọ́dọ̀ àna.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu Kafilat ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé adìyẹ lọ, ṣùgbọ́n fíìmù Kòríà kì í tán lórí fóònù rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tẹ máṣíìnì, ojú rẹ̀ a wà lára ọkùnrin kan tó funfun bí ẹ̀kọ, tó ń sunkún lábẹ́ òjò nítorí obìnrin. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ọkùnrin wo ló ń sunkún lábẹ́ òjò ní Ìwó, àfi bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé rẹ̀? Síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ pé obìnrin Kòríà kì í pe ọkùnrin tó fẹ́ràn lórúkọ bí onítọ̀hún bá jù ú lọ. "Ọ́pà" ló ń pè é, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Kafilat, nítorí ìyá tirẹ̀ náà kò pe bàbá rẹ̀ lórúkọ rí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Sirajudeen, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Ọ́pà.

Sirajudeen ò burú o. Iṣẹ́ sólà ló ń ṣe, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òrùlé tí kò tíì gùn ní Ìwó, ní Kuta àti ní Ilé-Ogbó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í mutí, kì í pẹ́ níta. Ẹran ara nìkan ni Ọlọ́hun fi dù ú. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó bá sì dúró ti òpó tó fẹ́ so sólà mọ́, òpó lèèyàn á kọ́kọ́ kí. Nígbà tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ọ̀pá Iná làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, a sì máa sunkún wálé lójoojúmọ́. Ìyá Àgbà Ràfíátù, ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ni wọ́n mú ọmọrogùn lọ́jọ́ kan, tí wọ́n wọ iléèwé náà lọ, tí wọ́n sì fi ọmọrogùn lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ yí ọgbà po títí tíṣà fi bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ọ̀pá pe Sirajudeen létí wọn mọ́.

Àfi Kafilat, kò sì mọ̀ pé òun pè é.

Ibi ìgbọ́rọ̀ fóònù Sirajudeen ti bàjẹ́. Ẹni tó ń tan iná fún gbogbo ìlú, kò rí ti fóònù ara rẹ̀ tún ṣe, nítorí náà gbangba ló máa ń ṣí i sí bí wọ́n bá pè é. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Ìyá Àgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, Sirajudeen ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fóònù dún. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Kafilat bá jáde gbàrà, ó ní, "Ọ́pà! Ọ́pà mi! Ṣé o ti jẹun? Ọ́pà mi tẹ́ẹ́rẹ́!"

Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Ìyá Àgbà gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ta ló ń pe ọmọ mi ní ọ̀pá?"

"Kì í ṣe ọ̀pá, Ìyá Àgbà. Kòríà ni."

"Ta ni ń jẹ́ Kòríà? Ìyá ẹ̀ ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dàrú nìyẹn. Sátidé tó ń bọ̀ ló yẹ kí ìdílé Sirajudeen lọ sílé bàbá Kafilat fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àmọ́ Ìyá Àgbà ní àwọn ò ní sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ, kó ṣáà ti sọ fún wọn lọ́hùn-ún pé ìyá ilé wà láàyè, kò wá ni. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Alfa Abdulfatah, àbúrò bàbá Sirajudeen, tí wọ́n ń fi wáàsí mú àgbà ọkùnrin sunkún nílùú, bẹ ìyá wọn títí, ẹ̀bẹ̀ ò wọlé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà fi dá wọn lóhùn: "Ẹni tó sọ ọ́ ni kó wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi."

Nígbà tí Kafilat gbọ́, ó fi máṣíìnì sílẹ̀, kò rán aṣọ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà, kò sì sí àṣírí níbẹ̀. Gbogbo òpópónà ti gbọ́ nípa Sátidé, ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìta ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mọ́láyọ̀, tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló fún un nímọ̀ràn. "Má wulẹ̀ sọ̀rọ̀," ni Mọ́láyọ̀ wí. "Ẹ̀rí ni kó o gbé lọ. Jẹ́ kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ bí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ṣe ń sọ ọ́." Ó ki apá àkọ́kọ́ fíìmù tuntun kan sínú fíláàṣì fún un, ó ní òun náà ò tíì wò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń pariwo rẹ̀, Ọ́pà sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí iyọ̀.

Ẹ wo ìyà tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà: Kafilat náà ò kọ́kọ́ wò ó.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ló débẹ̀. Sirajudeen ò sí nílé. Ó ní òun ní iṣẹ́ ní Kuta, òun ó dé bí wọ́n bá ń pe Làásárì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n ń fi òróró pa orúnkún tó ń dùn wọ́n. Kafilat kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán. Ìwọ lo ni ohùn inú fóònù?"

"Èmi ni, mà."

"O sanra ju ohùn ẹ lọ."

Inú bí Kafilat, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ kì í fèsì. Ó ṣàlàyé pé òun mú ẹ̀rí wá. Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n ńlá tí Sirajudeen gbé kọ́ sára ògiri fún wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun fi fíìmù kan sí i. Ìyá Àgbà wo fíláàṣì náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹran òkété fún nílé àlùfáà. Wọ́n ní kó fi sí i, kó jókòó sílẹ̀, kó sì máa túmọ̀, nítorí èdè òyìnbó tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ yẹn, àwọn ò rí i kà, bí àwọn bá tilẹ̀ rí i, àwọn ò gbọ́ ọ.

Òjò ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ sórí afárá, ọkùnrin kan dúró láàárín afárá, ó wọ kóòtù dúdú tó ń gbálẹ̀, ó mú agboòrùn lọ́wọ́. Kò ṣí agboòrùn náà, síbẹ̀ ẹ̀kán omi kan ò bà á. Kámẹ́rà ń lọ yí ojú rẹ̀ po, bí ẹni ń wá ibi tí yóò ti bù ú jẹ.

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Ọkùnrin ni, mà."

"Ó kun ètè."

"Bí ètè wọn ṣe máa ń rí nìyẹn, mà."

"Irọ́ ni. Tìróò àti àtíkè ni mo fi gbogbo ayé mi tà ní Odò-Ọ̀rì. Mo mọ ètè tí wọ́n kùn." Wọ́n tún pa orúnkún wọn. "Àmọ́ ó kùn ún dáadáa."

Kafilat ka ohun tó wà nísàlẹ̀, ó ní ọkùnrin náà kì í kú. Ẹgbẹ̀rin ọdún ló ti lò láyé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àwọn ẹ̀mí burúkú tó bá wọ ara ènìyàn, kó sì máa kó wọn sínú ìkòkò.

"Ẹgbẹ̀rin ọdún. Ìyàwó mélòó ló ní?"

"Kò ní, mà."

"Kò ní ìyàwó?" Ìyá Àgbà yí ọrùn wò ó. "Fún ẹgbẹ̀rin ọdún? Kí ló wá ń ṣe láti àárọ̀?"

Bí wọ́n ti ń sọ ìyẹn lọ́wọ́ ni Alfa Abdulfatah wọlé, tàsábà lọ́wọ́, kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́ kejì. Kafilat tún kúnlẹ̀. Alfa dá a lóhùn, wọ́n gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rí ọ̀wọ́ ìkòkò ràgàjì tí wọ́n tò sí ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin náà, tí ìdérí wọn ń gbọ̀n.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?" ni Alfa bi wọ́n.

"Àlùjànnú," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó kó wọn sínú ẹ̀, ó sì dé e mọ́ wọn lórí."

"Asitagifirulahi! Ṣíríkì nìyẹn, ẹbọ ni!"

"Abdulfatah, jókòó tàbí kó o jáde, o dí mi lójú."

"Mi ò ní jókòó. Ẹni tó bá jókòó ló ń wo fíìmù. Èmi ń kọjá ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Alfa dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kọjá, wọn ò sì kọjá mọ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ fún wọn pé ẹni ẹgbẹ̀rin ọdún náà jẹ́ àpọ́n, wọ́n ní Ànábì Nuhu lò jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, ó sì níyàwó. Nígbà tí ọkùnrin náà jókòó, tó ń fa oúnjẹ bí òwú sẹ́nu láti inú abọ́ tó ń rú èéfín, wọ́n bi Kafilat bóyá ẹran inú rẹ̀ jẹ́ halálì. Kafilat ní òun ò mọ̀. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà ń bínú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń bínú sí, nítorí pé ó fi bàtà wọ yàrá. Ó kàn ń dúró de Ọ́pà ni. Kí obìnrin kan ṣáà yọjú, kó pe ọkùnrin kan ní Ọ́pà tìfẹ́tìfẹ́, kí òun na ìka sí i pé, ẹ gbọ́ ọ bí?

Obìnrin yọjú. Ọmọ kékeré ni, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, irun rẹ̀ pín sí méjì. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀dọ́langba kan báyìí tó gbé báàgì iléèwé rẹ̀ kọ́ ọrùn, ń rìn bọ̀ lórí afárá. Lójijì ni ojú ẹ̀gbọ́n náà funfun báláú. Ẹ̀mí burúkú ti wọ̀ ọ́. Ó yí padà, ó na ọwọ́ sí ọrùn àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin agboòrùn bá fò já lu afárá láti òkè, ó fa idà yọ láti inú agboòrùn, ó sì gbé e gba àyà ẹ̀gbọ́n náà kọjá.

Ọmọ náà figbe ta. "Ọ́pà! Ọ́pà-à-à!"

Ìyá Àgbà nà dìde lórí orúnkún tí wọ́n ní ó ń dun àwọn. "Ó pa á! Ẹ gbọ́! Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá! Ó ní ó pa á!"

"Ó pa á lóòótọ́," ni Alfa wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè, Ọ́pà ni wọ́n ń pe…"

"Ẹ̀gbọ́n wo? Ojú ẹ̀ ló ṣe, ó sì ń sọ ọ́ fáyé gbọ́. Kó má sọ ọ́ ni?"

"Ẹ̀rí ọmọdé ò fẹsẹ̀ múlẹ̀," ni Alfa wí.

"Ẹ̀rí ọmọdé ò fẹsẹ̀ múlẹ̀, idà ńkọ́? Ṣé idà náà jẹ́ ọmọdé ni?"

Kafilat fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ọ̀rọ̀ tó gbé wá láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́, òun náà ló dúró gàgàrà lórí ògiri yìí, tó ń pariwo ìpànìyàn. Ó ṣépè fún Mọ́láyọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ṣépè fún ẹni tó kọ fíìmù náà àti ẹni tó kun ètè ọkùnrin náà. Lórí ògiri, ọkùnrin agboòrùn tẹ ìka kan mọ́ iwájú orí ọmọ náà, ọmọ náà sì gbàgbé ohun gbogbo, ó sùn lọ. Ìyá Àgbà ní ìwà ìkà ni: ó pa ẹ̀gbọ́n, ó tún jí ẹkún àbúrò gbé.

Fíìmù fo ọdún púpọ̀. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti di arẹwà, ó ń ta ẹja díndín létí títì. Òjò dé. Ọkùnrin agboòrùn, tí irun kan ò tíì hu ní àgbọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò dá a mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó yíjú, ó ní, "Ọ́pà," ó sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun wọ abẹ́ agboòrùn rẹ̀.

"Dá a dúró," ni Ìyá Àgbà wí.

Kafilat dá a dúró. Ẹ̀rín ọmọbìnrin náà dì sára ògiri.

"Kí ló pè é?"

"Ọ́pà, mà. Ẹ ò rí i bí? Kì í ṣe ọ̀pá, kì í sì í ṣe ó pa á. Bí ẹni ní 'ẹ̀gbọ́n mi' ni. Ọ̀wọ̀ ni, mà, ìfẹ́ ni."

"Kí ló pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kú?"

"Ọ́pà, mà."

"Ó pe ẹni tó kú ní Ọ́pà. Ó tún pe ẹni tó pa á ní Ọ́pà." Ìyá Àgbà ń fi ìka kà á. "Bí ọlọ́kadà bá gba ibẹ̀ kọjá ńkọ́?"

Kafilat ò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó. "Bí ó bá ti jù ú lọ díẹ̀, mà, Ọ́pà náà ni."

Alfa fi etí agbádá bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ti gbà pé kì í ṣe ọ̀pá. Ó burú ju ọ̀pá lọ. Nígbà tí wọ́n ń pe ọmọ mi ní ọ̀pá, òun nìkan kúkú ló ń jẹ́ ẹ." Wọ́n tún jókòó, wọ́n sì rọra gbé ẹsẹ̀ wọn padà síwájú. "Nígbà tí mo wọ ilé yìí, mi ò pe ẹnì kankan lórúkọ, títí kan ọmọ tó ń rákò. Ẹni tí mo bá nílé, ọkọ mi ni. Mo jókòó, mo wò wọ́n dáadáa kí n tó sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan wà tí eyín ẹ̀ funfun, mo pè é ní Eyínfúnjowó. Ọ̀kan ò lè sùn láìjẹ èkuru, mo pè é ní Ọkọ-Èkuru. Ọmọbìnrin wọn kan wà, bó bá rẹ́rìn-ín, adìyẹ a sá wọgbó, mo pè é ní Ẹ̀rín-tújà. Bí mo bá pè wọ́n, oníkálukú mọ̀ pé òun ni, kì í ṣe ẹlòmíì. Gbogbo wọn ti lọ. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ kankan tí mo sọ nínú ilé yìí mọ́. Àwọn ìyàwó tó ń wọlé báyìí, Bọ̀dá, Àǹtí, Dádì Khàdíjàh. Ìwọ wá gbé èyí tí gbogbo obìnrin Kòríà fi ń pe gbogbo ọkùnrin Kòríà wá fún ọmọ mi." Wọ́n tẹjú mọ́ Kafilat. "Ṣé o ò rí nǹkan kan lára ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Kafilat. Ó dùn ún nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì bí i nínú nítorí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Ó rí nǹkan lára rẹ̀. Kì í ṣe orí fóònù ló ti kọ́kọ́ rí Sirajudeen. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn èèyàn ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ló bá rí ọkùnrin gíga kan tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí òpó tó fẹ́ wó lu ilé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ṣe ni ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ rẹ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá arúgbó kan lè rí ibi dì mú. Ọ̀kadà ń fun fèrè lẹ́yìn wọn, kẹ̀kẹ́ ń bú wọn, kò yára, kò bojú wẹ̀yìn. Bí ìyá náà bá gbé ẹsẹ̀ kékeré, òun náà a gbé ẹsẹ̀ kékeré. Bí wọ́n ṣe rin gbogbo ọ̀nà náà tán nìyẹn. Kafilat kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Sirajudeen.

"Ọ̀pá ni, Ìyá," ló wí.

Alfa dẹ́kun ẹ̀rín.

"Ẹ bínú, ẹ má bínú, ọ̀pá ni. Kì í ṣe ọ̀pá iná. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni. Mo rí i lọ́jọ́ Jímọ̀ bó ṣe rẹ èjìká sílẹ̀ fún yín, tí gbogbo títì ń pariwo lé yín lórí. Bí mo bá máa sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ tí mo rí lára rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pá-Ìtilẹ̀."

Ìyá Àgbà wo orúnkún wọn. Wọ́n mú ìgò òróró, wọ́n dé e, wọ́n tún ṣí i. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ń fi í tilẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Tó o bá wá gbé e lọ, kí lèmi ó máa fi tilẹ̀?"

Alfa Abdulfatah, tí wọn ò fẹ́ jókòó láti àárọ̀, jókòó sórí ẹní láìmọ̀. Wọ́n ti bẹ ìyá wọn láti ọjọ́ yìí nítorí ọ̀pá, nítorí Kòríà, nítorí ohun tí fóònù sọ àti ohun tí kò sọ. Ìbéèrè yìí ni wọn ò gbọ́ rí.

Kafilat ti há oríṣiríṣi ìdáhùn sórí kó tó kúrò nílé. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní èyí tó dùn, Mọ́láyọ̀ ti kọ́ ọ ní èyí tó gbọ́n. Kò lo ọ̀kankan nínú wọn. Ẹsẹ̀ tí Ìyá Àgbà nà síwájú ló ń wò, tó ń dán fún òróró, tó sì wú ju ìkejì rẹ̀ lọ. Àánú ṣe é, ojú sì tì í, nítorí nínú gbogbo bí ó ti ń ro ti Sátidé, kò ro ti Jímọ̀.

"Ìyá," ló wí, "ṣé ẹ mọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa afọ́jú? Ẹni méjì ló ń mú un. Ọ̀kan mú orí kan níwájú, ọ̀kan mú orí kan lẹ́yìn."

Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀. "Ta wá ni afọ́jú nínú àwa méjèèjì?"

"Èmi ni, mà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ṣíwájú."

Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn fa ìborùn wọn, wọ́n fi nu ojú, wọ́n ní òróró náà ló ń ta àwọn lójú. Orúnkún ni wọ́n fi òróró pa o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ rán wọn létí. Wọ́n ní kí Kafilat jẹ́ kí fíìmù náà máa lọ, kí àwọn rí i bóyá ọmọ yẹn máa fi ojú ara ẹ̀ wọ abẹ́ agboòrùn ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà pè é ní dìndìnrìn. Àwọn méjèèjì ń rìn lọ lábẹ́ òjò, ìkòkò kan fọ́ lẹ́yìnkùlé, ojú ọmọbìnrin náà funfun báláú, ló bá parí síbẹ̀.

"Ó parí?" ni Alfa bèèrè látorí ẹní. "Báwo ló ṣe máa parí síbẹ̀?"

"Apá kan ló wà nínú rẹ̀, mà," ni Kafilat wí fún Ìyá Àgbà.

"Ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ ni ẹ́, o fi ìyókù pamọ́ kó o lè padà wá. Abdulfatah, àwa mélòó la ń lọ sílé wọn ní Sátidé?"

"Gbogbo wa ni, Ìyá," ni Alfa wí kíákíá.

Wọ́n pe Làásárì ní mọ́ṣáláṣí tó dojú kọ ilé náà. Bí ìpè náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, ọ̀kadà dúró níta, Sirajudeen yọ́ wọlé, ó tẹrí kí òkè ilẹ̀kùn má bà á gbá a, eruku Kuta bò ó látorí dé bàtà. Ó wo ojú Ìyá Àgbà. Ojú wọn pọ́n. Ó wo ojú Kafilat. Ojú tirẹ̀ náà pọ́n.

"Ọ̀pá!" ni Ìyá Àgbà pè é.

Sirajudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, eruku sọ. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, kì í ṣe ọ̀pá ló wí, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, Kòríà ni…"

"Dìde, gbé èjìká ẹ wá, ká lọ kírun."

Ó dìde, ó rẹ èjìká sílẹ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n wá na ọwọ́ òsì sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, wọ́n ń wá nǹkan. Kafilat ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó sáré fi ọwọ́ rẹ̀ sí i, wọ́n sì dì í mú dan-in dan-in.

"Àbí ẹ ò gbọ́ mi ni, Ìyá Àgbà?" ni Sirajudeen tún ń wí. "Kòríà ni, ẹ̀gbọ́n ni ó túmọ̀ sí, ẹ bi Alfa…"

"Ọ̀pá, panu mọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹsẹ̀ ni kó o gbé. Kékeré kékeré o, ìyàwó ẹ wà lẹ́yìn."